Bàbá Télọ̀ àti Ẹyin Tí Kò Lámì

Ohun tí wọ́n fi ń rántí olóògbé Bàbá Télọ̀ jù ni ọjọ́ tó fi abẹ́rẹ́ àti òwú lé odindi kíláàsì kan jìnnà sí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ara ọmọbìnrin náà kì í gba ẹyin. Bó bá kàn án lẹ́nu, ọ̀fun rẹ̀ á wú, kò sì ní í lè mí dáadáa. Ni bàbá bá fi òwú pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára báàgì rẹ̀ pé: ẸYIN KO GBỌDỌ SUN MỌ ỌMỌ YII. Kò fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ kankan, torí ó ní àmì ń jẹ òwú. Tíṣà wá kà á sí "ẹ̀yin", ó gbà pé òun àti àwọn ọmọ yòókù ni wọ́n ń bá wí, ó fi ìbínú gbé àga ọmọ náà sí kọ̀rọ̀, ó ní kẹ́nikẹ́ni má débẹ̀.

Nígbà tí ọmọ náà sunkún délé, ìyá rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ bíbí inú Bàbá Télọ̀, gbé báàgì lọ bá bàbá ní ṣọ́ọ̀bù. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó fi àmì sí i.

"Ẹyin tí wọ́n ń dín kò lámì lórí," ni bàbá wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ. "Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́. Lọ bá tíṣà ọmọ ẹ."

Òótọ́ ló sọ, ìyẹn gan-an ló sì bí ìyá ọmọ nínú jù.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi fa ọ̀rọ̀ náà. Bàbá gbà láti fi òwú ya àwòrán ẹyin, ó sì fa igi lé e. Àwòrán náà rí roboto, làwọn ọmọ kíláàsì bá gbà pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù sọ́dọ̀ ọmọ náà. Níkẹyìn, ó fi ADIẸ kún ẸYIN. Àṣìṣe ìyá ọmọ ni pé ó béèrè ti pẹ́pẹ́yẹ. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, pẹ́pẹ́yẹ, tòlótòló àti àparò ti yí báàgì po.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò síbi tí kò rán ìkìlọ̀ sí: fìlà, ẹ̀wù òtútù, àpò oúnjẹ. Nígbà tó kan ìbọ̀sẹ̀, ìyá ọmọ bi í pé ta ni yóò máa ka ìbọ̀sẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì," ni bàbá wí. "Bí wọ́n bá gbé e dé ọsibítù tí kò lè sọ̀rọ̀, bàtà ni wọ́n á kọ́kọ́ bọ́."

Ìyá ọmọ na ìbọ̀sẹ̀ kejì sí i. Bàbá yìí kan náà ló fún ọmọ náà ní kéèkì nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjì, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ara rẹ̀ kì í gba ẹyin. Òun náà ló gbé e sáré dé ọsibítù láìwọ bàtà. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Òun náà ò sọ ọ́ rí, ṣùgbọ́n ìyá ọmọ mọ̀ pé ọkàn bàbá ò kúrò níbẹ̀, àánú rẹ̀ sì ń ṣe é.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ọ̀rọ̀ báàgì yẹn ni bàbá kú. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, èrò kún pálọ̀, aládùúgbò kan sì na kéèkì sí ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, abọ́ kún ọwọ́ rẹ̀, kò lè tètè débẹ̀. Aṣọ dúdú tuntun tí ọmọ náà wọ̀ kò ní lẹ́tà kankan lára.

Ọmọ náà kò gbà á. "Ẹ ṣé mà. Ṣé ẹyin wà nínú ẹ̀?"

Obìnrin náà ní díẹ̀ ni.

"Díẹ̀ náà lè pa mí, mà."

Ó sọ ọ́ ketekete, láìbẹ̀rù, bí bàbá àgbà ṣe kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́ lẹ́yìn ilé-ìwé. Ìyá rẹ̀ gbé abọ́ sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó sì wù ú pé kí bàbá gbọ́ ọ.