Ọkọ̀ Òfurufú Kékeré Tó Já ní Ọ̀yẹ́

Inú máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé ẹ̀rọ kan ṣàdédé bàjẹ́. Iṣẹ́ rédíò títúnṣe ni mo kọ́ ní Ìbàdàn kí n tó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Ìkọ̀lé, mi ò sì tíì rí ẹ̀rọ tó bàjẹ́ láìnídìí. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ló máa ń tètè rẹ̀. Ká ní wọ́n mọ èyí nílé bàbá mi àgbà ní Ọ̀yẹ́ ni, ilé yẹn ì bá má tú.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ bàbá mi àgbà yìí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ti Ìlú Òyìnbó dé lẹ́yìn tí a gba òmìnira, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì nílé ẹ̀kọ́ kan ní Ọ̀yẹ́. Ó kó ọkọ̀ òfurufú kékeré kan dé, èyí tó fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kàn fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tó ìkúùkù, òórùn epo láárà tó ń mu sì máa ń gba gbogbo ilé. Rédíò kan wà nínú ikùn rẹ̀ tí bátìrì ń gbé ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi á dúró sórí ilẹ̀ pẹ̀lú àpótí lọ́wọ́, á tẹ bọ́tìnnì, rédíò inú ọkọ̀ á gbọ́, ìrù ọkọ̀ á sì yà sọ́tùn-ún tàbí sósì.

Bàbá rẹ̀ ti kú nígbà náà. Ìyá rẹ̀ tó jẹ́ ìyálé wà nílé, pẹ̀lú ìyàwó tí bàbá fẹ́ kẹ́yìn, tí kò bímọ. Ìyá kékeré là ń pe èyí. Ọmọ ọwọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí ìyá kékeré wọlé ọkọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì dàgbà sí, nítorí ìyá rẹ̀ ń ná ọjà kiri.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi ọkọ̀ náà han àwọn òbí àti àwọn àgbà ìlú ní pápá ilé ẹ̀kọ́, bó ṣe ń gbé e jáde láàárọ̀, ìyá kékeré wò ó títí, ó ní, "Ọkọ mi, ṣé kò ní já lulẹ̀ báyìí?" Àníyàn lásán ni. Èmi náà tí mo ti Ìkọ̀lé wá wò ó ń ṣàníyàn, mi ò kàn sọ ọ́ síta ni.

Ọkọ̀ gbéra, ó yí pápá po, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Lójijì, kò gbọ́ràn mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń tẹ bọ́tìnnì, ọkọ̀ ń lọ tààrà. Ó kọjá lórí òrùlé, ó forí sọ ọ̀pẹ kan, ó já. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi rìn lọ ṣa àfọ́kù rẹ̀ lójú gbogbo wọn, mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Nígbà tó délé, ó tú rédíò náà, ó fi mítà wọn agbára bátìrì, ó ní gbogbo rẹ̀ pé. Ó wá ní, "Bí kò bá sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ, a jẹ́ pé èèyàn ló ṣe é." Ìyá rẹ̀ rántí ọ̀rọ̀ tí ìyá kékeré sọ láàárọ̀. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n yẹ rédíò náà wò ná. Wọ́n ní kí n máa yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n kí obìnrin náà máa lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ìrèlé. Ìyá kékeré di ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi bá mi dé ṣọ́ọ̀bù ní Ìkọ̀lé. Mo wo gbogbo ojú ibi tí a fi òjé jó, kò sí èyí tó ṣí. Wáyà kò já. Rọ́bà tó ń yí ìrù kò tú. Mo ki bátìrì tuntun bọ̀ ọ́, ìrù ń yà, ó ń yà, títí ó fi sú mi. Mo dá ti inú ọkọ̀ padà: ó yà díẹ̀, ó kú. A jẹ́ kó sinmi, ó tún yà, ó tún kú. Nígbà tí bátìrì kò ṣiṣẹ́ kankan ni ẹ̀gbọ́n mi fi mítà wọ̀n ọ́n, bátìrì tó ń kú lọ sì máa ń dà bí alágbára bí a kò bá tíì gbé iṣẹ́ lé e. Mo ní ògbólógbòó ni. Ó ní irọ́ ni, tuntun lòun rà. Ó mú ọ̀kan, ó ń yí i wò. Bébà ara rẹ̀ ti ṣá lápá kan, apá kejì ṣì pupa. Kò sí ilé tí wọn kì í ti í sá bátìrì tọ́ọ̀ṣì sóòrùn kó lè jí díẹ̀.

"Ìyá mi ni," ló wí, ó sì jókòó.

Ìyá rẹ̀ kò jiyàn nígbà tí a padà sí Ọ̀yẹ́ lọ bi í. Ó rí bátìrì tuntun tí ọmọ rẹ̀ rà nínú àpótí, ó kó wọn sá pẹ̀lú ti tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kí wọ́n lè lágbára fún ọjọ́ ńlá náà. Nígbà tó ń kó wọn wọlé, kò mọ tuntun yàtọ̀ sí ti tọ́ọ̀ṣì mọ́, ó sì kó ti tọ́ọ̀ṣì sínú àpótí. "Mo fẹ́ kí uṣẹ́ ọmọ mi yọrí ni," ó ní, ó bú sẹ́kún. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé ká jọ lọ mú ìyá kékeré wálé. Ó ní ojú ń ti òun, òun á lọ dúró dè mí ní ṣọ́ọ̀bù. Mo bú u nínú ara mi, mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìrèlé. Mo bá ìyá kékeré níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́. Mo ṣàlàyé oòrùn, mo ṣàlàyé bátìrì, mo ní ká lọ sílé. Ó gbọ́ ọ délẹ̀.

"Ó dáa tí ẹ rí i," ó ní. "Bí ẹ kò bá rí i ńkọ́?"

Kò tẹ̀ lé mi, kò sì padà sí ilé yẹn títí ó fi kú.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo sọ ìbéèrè náà fún ẹ̀gbọ́n mi bó ṣe jáde lẹ́nu ìyá kékeré.

"Bí a kò bá rí i ni, à bá fi í sílẹ̀ síbẹ̀ náà," ó ní.