Ọ̀sẹ̀ Kan Ṣáájú Dakar

Ọdún 1996 ni ọkọ mi mú mi dé Banjul ní Gambia. Ó ti ń ta aṣọ ní ọjà ńlá tó wà létí òkun níbẹ̀ kí ó tó wá sílé wá gbé mi níyàwó, nítorí náà òun ti gbọ́ èdè Wolof, ó sì ti mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ìlú. Èmi ni mo ń rìn bí ẹni tó sọnù. Yàrá méjì la gbà nínú ilé onípákó kan láàárín ìgboro. Opó kan ló ni ilé náà, ìyá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Màmá ni gbogbo wa ń pè é.

Aku ni Màmá, Mùsùlùmí, ọmọ àwọn tí baba ńlá wọn, àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú, ti Freetown wá. Bí ó bá rí mi láàárọ̀, “Kúṣẹ́” ni yóò wí, ì báà jẹ́ pé orí ìjókòó ni mo wà tí n kò ṣe iṣẹ́ kankan. Ó ń jẹ àkàrà, ó ń jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀, ìkómọ ni ó ń pè ní kọ́mọjáde. Mo kọ́kọ́ rò pé a ó gbọ́ ara wa yé bí ọmọ ìyá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan yẹn ni mo gbọ́ nínú èdè rẹ̀, ìyókù fò mí ru. Nígbà tó yá, òun ń sọ Aku, èmi ń fi Pijin ilé wa dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ wa sì pàdé. Ohun tó bá sọ níhìn-ín, èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kejì, tí ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, ó wá kan ilẹ̀kùn mi. Ó wọ bàtà kánfáàsì funfun, ó sì fi ìborùn funfun wé orí.

Ó ní, “Múra, kí o bá mi lọ wo tẹníìsì. Ojú mi kò ríran jìnnà mọ́.”

N kò rí tẹníìsì rí. Mo wo ojú ọkọ mi, ó ní kí n máa bá ìyá lọ, òun nìkan yóò dúró ti ìsọ̀ ní ọ̀sán yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di olólùfẹ́ eré tí n kò tíì gbá rí di òní.

Pápá náà kò jìnnà sí òkun. Síméǹtì ni ilẹ̀ rẹ̀, ó ti sán níbi púpọ̀, àwọ̀n tó wà láàárín sì ti ya, òwú àwọn apẹja ni wọ́n fi rán an. Àwọn àtẹ̀gùn síméǹtì wà lábẹ́ igi dóńgóyárò níbi tí àwọn ènìyàn ń jókòó sí: àwọn bàbá arúgbó tó ti fẹ̀yìn tì bíi Màmá, àwọn akọ̀wé ìjọba tó sá kúrò níbi iṣẹ́, àti àwọn òyìnbó díẹ̀ tó dé fìlà koríko. Màmá ní ibi ìjókòó tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í jókòó síbẹ̀.

Òun ló ṣàlàyé fún mi. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù náà, iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni. Láti Ghana, láti Morocco, láti ilé wa ní Nàìjíríà, wọ́n ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Ìdíje ńlá wà ní Dakar ní Senegal lọ́dọọdún, ibẹ̀ ni èrè wà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀, wọ́n a yà sí Banjul láti gbá kékeré kan, kí ara wọn lè yá gágá. Tí ó bá parí, wọ́n a wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí Barra ní òdìkejì odò, wọ́n a gba ọ̀nà Dakar lọ.

Bí wọ́n ṣe ń ka àmì ló kọ́kọ́ dà mí láàmú. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọgbọ̀n, ogójì. Mo bi Màmá pé kí ló dé tí kì í ṣe márùndínláàádọ́ta.

“Bí o bá dé London, bi wọ́n,” ni ó wí.

Iṣẹ́ mi ni láti jẹ́ ojú fún un. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sílẹ̀, yóò fi ìgúnpá tọ́ mi: “Ó wọlé àbí ó jáde?” Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ n kì í mọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, mo ti ń dáhùn kí ó tó bèèrè. Nígbà tí wọ́n bá ń sinmi, ó máa ń sọ ìgbà èwe rẹ̀ fún mi. Obìnrin òyìnbó kan tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ló kọ́ ọ ní tẹníìsì, ní ìgbà tí ọmọ dúdú kì í ṣàdédé wọ irú pápá bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní ọmọ Mùsùlùmí kì í ṣí ojúgun sílẹ̀. Kò bá bàbá jiyàn, ó rán ṣòkòtò gígùn, ó wọ̀ ọ́ sábẹ́ yẹ̀rì, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ títí ó fi lọ́kọ.

Ọdún kejì tí mo ń bá a lọ ni ọmọ Ìbàdàn kan wá.

N kò mọ̀ pé ará ilé ni. Ó ga, ọwọ́ òsì ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù, ó ti tó ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ó gbá bọ́ọ̀lù kan sínú àwọ̀n, ó sì tẹjú mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. “Ìwọ ọwọ́ yìí,” ni ó wí ní Yorùbá, “ṣé èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́ ni?” Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Ó yíjú wo àtẹ̀gùn. Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́.” Ó dúró bí ẹni tí wọ́n dárúkọ rẹ̀ nínú ìlú àjèjì, ó rẹ́rìn-ín, ó sì padà sẹ́nu eré rẹ̀.

Nígbà tó gbá a tán, ó wá bá wa. Ó rí Màmá, ó ju ráákẹ́tì sílẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí síméǹtì náà. Màmá na ọwọ́ títí ó fi kan orí ọmọ náà. Nígbà tí à ń lọ sílé, Màmá ní ìyá bàbá òun máa ń sọ fún òun pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kí àgbà níbi tí àwọn ti wá, ṣùgbọ́n òun kò fojú rí i rí.

Láti ọjọ́ náà ọmọ Ìbàdàn di tiwa. Ó na ẹni méjì, ó wá ku ẹni kan kí ó tó dé ìparí. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Senegal kan ló bá pàdé, ẹni tí àwọn èrò fẹ́ràn gan-an nítorí pé ó ń sáré bí àgbọ̀nrín. Ọmọ tiwa gba sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta, ẹni tó bá sì gba méjì ló borí. Nínú èkejì, wọ́n wà ní ọ̀mì, mẹ́rin sí mẹ́rin. Ó fọwọ́ kan orúnkún rẹ̀, ó lọ bá adájọ́, ó bọ ẹni kejì lọ́wọ́, ó sì lọ ń kó ẹrù rẹ̀ sínú àpò.

Àwọn èrò kùn hùn-ùn.

“Kí ló ṣẹlẹ̀?” ni Màmá bèèrè.

“Ó ti dá a dúró, Màmá. Wọ́n ní orúnkún ni.”

“Ṣé ó ń tiro?”

Mo wò ó. Ó ń rìn geere. Ì bá wù mí kí n parọ́, ṣùgbọ́n ojú mi ni ó fi ń ríran. Mo ní, “Kò tiro, Màmá.”

Ó dìde, ó di apá mi mú, ó di ọ̀dọ̀ ọmọ náà.

“Orúnkún ń dùn ọ́?”

Ó wo ojú mi, ó sì mọ̀ pé mo ti sọ. Ó ní, “Ẹ má bínú, Màmá. Kò tíì máa dùn mí. Mo kàn rí i pé ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni. Dakar ni iṣẹ́ wà. Ibí yìí, a kàn yà láti nara ni.”

Yorùbá ni ó fi dáhùn, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá. Kò gbóhùn sókè.

“Ìwọ ń nara,” ni ó wí. “Èmi ńkọ́? Èmi kò lè lọ sí Dakar. Ibí yìí ni tèmi parí sí.”

Mo túmọ̀ ìyẹn náà. A lọ sílé. Mo ń rò pé èmi ni mo tú u fó. Orúnkún ni ọkọ́ rẹ̀ àti àdá rẹ̀, ta ni yóò dá a lẹ́bi bí ó bá ń ṣọ́ ọ? Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé láti oṣù kẹsàn-án ni Màmá ti ń ka ọjọ́ dé ọ̀sẹ̀ yẹn. Títí di òní n kò mọ ẹni tí mo ì bá gbè lẹ́yìn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ọmọ náà wá sí ilé wa, ó ń lọ wọ ọkọ̀ ojú omi. Mo ń dín àkàrà lọ́wọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, ó ní òun wá bẹ̀bẹ̀ ni. Ó ní òun ní ìyàwó àti ọmọ kan nílé, ẹni tó bá sì já orúnkún sí ọjà kékeré, kò ní rí i gbé dé ọjà ńlá.

Màmá ní, “Mo gbọ́. Ìbínú mi ti tán láti àná. Jókòó, jẹun.”

Ó jẹ àkàrà púpọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, oníṣòwò kan tó ti Dakar dé sọ fún ọkọ mi pé ní ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni wọ́n na ọmọ Ìbàdàn náà níbẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún Màmá, ohun tó bèèrè ni bóyá orúnkún rẹ̀ yè.

A kò retí pé yóò padà, àmọ́ ó padà ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ojú Màmá ti burú sí i nígbà náà, funfun aṣọ wọn nìkan ni ó kù tó ń rí, bí ìgbà tí ènìyàn ń wo aṣọ sísá láti inú kùrukùru. Ọmọ tiwa gbá bọ́ọ̀lù dé ìparí, ta ni ó sì tún bá níbẹ̀ bí kò ṣe ará Senegal ọjọ́sí.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Olúkúlùkù gba sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ó wá ku ẹ̀kẹta. Àkókò Alásàrì tó, Màmá kò dìde, ó kírun lórí ìjókòó rẹ̀. Bí ó ti sálámà tán, tí tẹ̀súbáà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, “Mélòó ni?” Mo rọra sọ ọ́ sí i létí. Atẹ́gùn ń gbé iyẹ̀pẹ̀ sí wa lójú. Ó ṣẹlẹ̀ pé pajápajá mú ọmọ náà, ó jókòó sílẹ̀, ó ń di iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Adájọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó bi í bóyá kí àwọn dá a dúró. Ó wo apá ibi tí a jókòó sí, ó sì mi orí.

“Ó ní kí ni?” ni Màmá bèèrè.

“Ó ní rárá.”

Ó gbá a títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀. Bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn lu àwọ̀n, ó lọ́ra lókè díẹ̀, ó sì já sí ọ̀dọ̀ tirẹ̀.

Mo ní, “Ó ti tán, Màmá. Wọ́n nà án.”

“Ó gbá a tán?”

“Ó gbá a tán.”

Ó fi ọwọ́ lé èjìká mi, ó dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, tẹ̀súbáà ń ró lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn bàbá arúgbó dìde, àwọn òyìnbó dìde. Ọmọ náà ti jókòó sílẹ̀, kò lè dìde fúnra rẹ̀, ará Senegal náà ló gbé e dìde.

Orúnkún tó ń ṣọ́ lọ́dún tó kọjá wú bí ìkòkò. Ọkọ mi àti ẹnì kan gbé e wá sí ilé wa, ọjọ́ márùn-ún ló sì lò nínú yàrá ẹ̀yìn. Màmá ń fi omi gbígbóná jó o, ó ń fi òrí pa á. Àwọn yòókù wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Dakar, òun kò lọ. Ní ọjọ́ kẹrin mo bi í, nígbà tí Màmá kò sí nítòsí.

“Àbúrò, ṣé o kábàámọ̀?”

Ó ní, “Bí mo bá ní rárá, Àǹtí, irọ́ ni mo pa. Mo kábàámọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n inú mi dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

N kò tún rí i ní Banjul mọ́. Ìdíje náà wáyé lẹ́ẹ̀mejì sí i, lẹ́yìn náà wọn kò gbé e wá mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Nígbà tí oṣù kejì bá dé, Màmá a wọ bàtà kánfáàsì rẹ̀, èmi náà a mú un lọ jókòó lábẹ́ dóńgóyárò, a ó máa wo àwọn akọ̀wé tó ń gbá tiwọn ní ìrọ̀lẹ́. Ó kú ní ìrọ̀rùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n sì sin ín lọ́jọ́ náà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ta ilé, àwa kó lọ sí Bundung, àdúgbò kan lẹ́yìn odi Banjul, ibẹ̀ ni mo ti tọ́ àwọn ọmọ mi.

Ní ọdún 2011, ìyá mi ṣàìsàn, mo sì lọ sílé. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, mo lọ sí Ìbàdàn, mo ń bèèrè ọ̀gbẹ́ni ọlọ́wọ́ òsì kan tó máa ń gbá tẹníìsì nígbà kan. Kò ṣòro láti rí. Wọ́n tọ́ka pápá kan fún mi, mo sì bá a níbẹ̀, ó ti ní ikùn, ó ń fa ẹsẹ̀ kan, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó wò mí títí.

“Àǹtí Banjul,” ni ó wí.

Mo sọ fún un pé Màmá ti ṣaláìsí. Ó ní kí àwọn ọmọ jókòó. Ó bi mí nípa ọjọ́ tó kú, àti ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, àti bóyá ojú rẹ̀ là díẹ̀ kí ó tó lọ. Mo ní kò là. Ó bi mí ta ni ó ń sọ eré fún un. Mo ní èmi ni, títí dé ìparí. Ó ṣàdúà fún un, àwọn ọmọ náà ṣe àmín láìmọ ẹni tí à ń ṣe é fún.

Lẹ́yìn náà ó wá àga kan fún mi sábẹ́ òjìji, ó ní kí n má tíì lọ. Mo jókòó títí wọ́n fi parí. Àwọn ọmọ náà kò tíì mọ̀ ọ́n gbá dáadáa, bọ́ọ̀lù wọn ń jáde lemọ́lemọ́, ṣùgbọ́n mo wo gbogbo rẹ̀.