Ìbéèrè Tí Wọ́n Bi Mí Létí Òkun Lómè

Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ní Ṣakí ni mo ti jókòó síwájú ọkọ̀ akẹ́rù Bàbá Múfú, ọkọ mi. Iṣu Ìlérò ló kún ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, Abẹ́òkúta ló ń kó o lọ. Ọyẹ́ ń fẹ́, eruku pupa bo gíláàsì, ètè mi sì ti là. Nígbà tí a kọjá Òtu tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, ó ní, "Sàdíà, ṣé òkun yìí náà ni kò jẹ́ kí o sùn?"

Mo ní, "Òun náà ni. Ẹ má bínú."

Ó rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ń bi mí pé kí ni tíṣà ń wá lábẹ́ òkun, ìdáhùn mi rèé. Sẹ́kọ́ńdì ní Gáná ni wọ́n bí mi sí, níbi tí bàbá mi ti ń ta abọ́ àti ìkòkò. Èmi àtàwọn ọmọ Fàǹtí la jọ kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Mo máa ń mòòkùn, màá lajú sínú omi. Iyọ̀ á ta mí lójú, ohun gbogbo á rí bàìbàì bí ohun tó wà nínú èéfín. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ní kí àwọn àjèjì máa lọ, a di ẹrù wa, a padà sí Ṣakí. Láti ìgbà náà, omi kànga ni mo mọ̀. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ nínú koríko gbígbẹ lẹ́yìn ilé ìwé wa, mo máa ń dákẹ́ láàárín iṣẹ́, nítorí ó máa ń dún létí mi bí ìgbì.

Nígbà ọdún Iléyá ni Ràmọ́nì, àbúrò mi tó ń ta aṣọ òfì Ìsẹ́yìn ní Lómè, wálé. Ó ní àwọn kan wà létí òkun níbẹ̀ tí wọ́n ń gbé sìlíńdà afẹ́fẹ́ kọ́ àlejò lẹ́yìn, tí wọ́n á mú un lọ wo ẹja nísàlẹ̀, tí yóò sì máa mí bí ẹni tó wà nílé. Ohun tó gba oorun lójú mi nìyẹn.

Ní Abẹ́òkúta, Bàbá Múfú bá mi wá ọkọ̀ Èkó. Láti Èkó mo gba Sẹ̀mẹ̀ dé Kútọnu, mo sì sùn síbẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, àgbọn lọ́tùn-ún, òkun lósì. Ẹni tó bá ti mọ àwọn òkè àpáta wa, ojú rẹ̀ kò ní rí ibi tí yóò dúró lé. Ní Pópò mo ra àkùmẹ, ìyẹn àgbàdo tí wọ́n rò bíi tùwó, ṣùgbọ́n ata tútù àti ẹja díndín ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. "Wòezọ̀," ni obìnrin tó ń tà á wí, ẹ káàbọ̀ ni. Mo kúnlẹ̀ kí i bí a ti ń ṣe nílé, ó di apá mi mú, ó fà mí dìde.

Lọ́jọ́ kejì tí mo dé Lómè, Ràmọ́nì mú mi lọ bá ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Kọsí lábẹ́ igi àgbọn. Ó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì Gáná dáadáa. "Ìsinsìnyí náà la ó lọ, àǹtí," ló wí. Owó tó pè kò tó ìdajì ohun tí àwọn yòókù ń gbà, kò sì bi mí ní nǹkan kan. Ó ní kí n fi rọ́bà tí wọ́n fi ń mí sẹ́nu wò. Mo fà á lẹ́ẹ̀kan. Ó ń rùn bí èéfín lọ́rì. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí i pé ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ sínú sìlíńdà dúró ti ẹ́ńjìnnì kan tí èéfín rẹ̀ ń fẹ́ lù ú. Ìyàwó awakọ̀ ni mí. Mo mọ ohun tí èéfín yẹn ń ṣe fún ẹni tó bá mí in sínú.

"Èéfín wà nínú èyí," mo wí.

"Òórùn rọ́bà ni, àǹtí."

Ó wù mí kí n gbà á gbọ́, nítorí òkun náà rèé níwájú mi. Ràmọ́nì ló ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká wo ibòmíràn ná."

Ibòmíràn náà ni ọ̀dọ̀ Màdáámù Afí, obìnrin àgbà kan tóun náà gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, tí òun àti ọkọ rẹ̀ ní ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀rọ tirẹ̀ jìnnà sí èéfín. Ó ṣí ẹnu sìlíńdà, ó ní kí n gbóòórùn. N kò gbọ́ òórùn kankan. Ó ní kí n kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́ kí òun rí i, ara mi sì rántí gbogbo rẹ̀. Aṣọ rọ́bà dúdú tó fún mi bò mí láti ọrùn dé ọrùn ẹsẹ̀, inú mi sì dùn sí ìyẹn. Lẹ́yìn náà ló mú mi jókòó. Ṣé mo ní ikọ́ fée? Ṣé etí ń dùn mí? Ó wá ní, "Ṣé oyún lè wà nínú rẹ?"

Mo fi ìka ka ọjọ́. Láti ìgbà tí mo ti bí Múfú, tó ti ń lọ sílé ìwé báyìí, n kò lóyún mọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan oṣù mi ti kọjá ìgbà tó yẹ kó dé. N kò sọ fún Bàbá Múfú, ó ń ṣe mí bíi pé bí mo bá sọ ọ́ síta, yóò lọ.

"Mi ò mọ̀, mà."

Ó gbé ìgbànú òjé tí ń múni rì, tó fẹ́ dè mọ́ mi, sílẹ̀. "A ò ní lọ sísàlẹ̀ nígbà náà. Kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tí ibẹ̀ máa ṣe fún ọmọ inú."

"Ṣakí ni mo ti wá."

"Mo gbọ́, ọmọ mi. A ò ní lọ."

Mo dìde, mo rìn lọ síhà ọ̀dọ̀ Kọsí. Mo mọ̀ pé kò ní bi mí. Ràmọ́nì kò pè mí. Mo dúró lórí iyanrìn títí omi fi bo ẹsẹ̀ mi, mo sì padà.

Màdáámù Afí fún mi ní awò ojú àti ọ̀pá tí wọ́n fi ń mí lójú omi, ó sì ní kí n bá àwọn àlejò yòókù wọ ọkọ̀ lọ sójú òkun. Níbẹ̀ ni mo ti wọnú omi, mo di okùn ọkọ̀ mú, mo da ojú bolẹ̀. Mo rí àpáta, mo rí ẹja aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń lọ lọ́wọ̀ọ́wọ́. Àwọn àlejò yòókù ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú omi tó ń dúdú sí i, ìfófó èémí wọn sì ń gòkè wá, ó ń bẹ́ sí mi níkùn. Mo wò wọ́n títí n kò fi rí wọn mọ́. Mo sunkún nínú awò náà.

Ìgbà tí mò ń bọ̀ nílé, ní Kútọnu, ni mo rí ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù mi. Mo jókòó pẹ́ lẹ́yìnkùlé ilé tí mo wọ̀ sí. Lómè kò jìnnà, mo lè padà lọ bá Màdáámù Afí, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ ilé nìkan ló kù lọ́wọ́ mi, ilé ìwé sì fẹ́ wọlé. Mo wọ ọkọ̀ Èkó.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé Ṣakí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Bàbá Múfú, ti òkun àti ti oyún tí kò sí. Mo ní n kò kábàámọ̀ pé mo padà lórí iyanrìn yẹn; ẹni tó bá fẹ́ mú èèyàn lọ sábẹ́ omi, ó yẹ kó lè sọ fún un pé rárá. 

"Gbogbo oṣù lèmi náà ń retí," ló wí. "N kàn kì í sọ ọ́ ni."

Ó bu omi fún mi, ó jókòó tì mí, ó ní kí n sọ bí ìsàlẹ̀ òkun ṣe rí fún òun.

Mo ní, "Mi ò tí ì mọ̀."