Ìkòkò Ẹ̀gbọ́n Mi

Bí mo bá ti gbóòórùn òrí lára ọmọ tuntun, ọ̀sán kan ní Ṣakí ni mo máa ń rántí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń po òrí lẹ́yìn ilé, èmi sì ń fi etí aṣọ mi nu òógùn ojú rẹ̀ kó má baà kán sínú báàfù. Nílùú wa, ìyàwó ló ń ra ìkòkò tó máa gbé lọ sílé ọkọ. Owó òrí yìí ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi ra tirẹ̀.

"Sinmi," ni ìyá wa wí. "Ọkọ rẹ lóun máa rà á."

Kò gbójú sókè. "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n fowó ara mi rà á."

Lójú tèmi, agídí lásán ni.

Lọ́jọ́ tó kọ ọkọ náà, ó ru ìkòkò rẹ̀ kọjá níwájú àwọn àna rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè ní kó gbé e sílẹ̀.