Pírìntà Tó Mọ Àgbà

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Ìyàwó mi gan-an ò gbà mí gbọ́, bẹ́ẹ̀ òun ló fọ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo fi dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ní Ìjẹ̀bú-Òde yìí, nílé-ìwé girama tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà, mo kọ́ ẹ̀rọ kan ní ìwà ọmọlúàbí, ó sì mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ó mọ̀ ọ́n débi pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n gbé e jù sí sítọ̀ọ̀, kí wọ́n sì dá èmi padà sí oko ilé-ìwé, kí n máa kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń kọ ebè.

Yàrá kọ̀ǹpútà mẹ́ta la ní. Pírìntà méjì ló wà: ńlá kan nínú yàrá kìn-ín-ní, àti kékeré kan tó jẹ́ pé ìgbà tó bá wù ú ló ń ṣiṣẹ́, kì í sì í sábà wù ú. Olùkọ́ tó bá fẹ́ tẹ ìwé nígbà náà á gbé fláàṣì kọ́rùn bí ońdè, á rìn nínú oòrùn láti yàrá kẹta wá sí yàrá kìn-ín-ní, á tò. Fláàṣì tí ara rẹ̀ le á wọlé, tó bá fi máa jáde, ó ti kó fáírọ́ọ̀sì.

Ìgbà tó sú mi, mo ṣa kọ̀ǹpútà àlòkù kan jọ, èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti ṣí sílẹ̀ tí ẹ óò máa rí ìfun rẹ̀. Mo na wáyà gba inú àjà láti yàrá dé yàrá. Iṣẹ́ tí mo fún kọ̀ǹpútà náà kò ju ẹyọ kan lọ: kó máa gba ìwé lọ́wọ́ gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù, kó tò wọ́n, kó sì máa fi wọ́n ránṣẹ́ sí pírìntà níkọ̀ọ̀kan. Sáfà là ń pe irú ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo parí rẹ̀, mo jókòó ní yàrá kẹta, mo tẹ bọ́tìnnì, mo sì ki eré mọ́lẹ̀. Èmi tí irùngbọ̀n mi ti ń funfun! Mo sáré gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá lójú àwọn ọmọ, mo já wọ yàrá kìn-ín-ní, ìwé mi ló wà níbẹ̀ yẹn, ó ṣì ń gbóná bí àkàrà. Mo padà lọ tẹ òmíràn, mo tún sáré. Lẹ́ẹ̀kẹfà, Alàájà tó ń kọ́ ìṣirò ti dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

Kí ẹ mọ Alàájà: ọmọ ìdílé oníṣòwò aṣọ ni, ó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì, kò sì sí olùkọ́ tó pẹ́ tó o nílé-ìwé náà. Níbẹ̀ lòun fúnra rẹ̀ ti kàwé. Ẹnu rẹ̀ mú ju sísọ́ọ̀sì tí ìyá rẹ̀ fi ń gé aṣọ lọ.

"Tíṣà Kọ̀ǹpútà, ṣé inú ń run ọ́ ni?"

"Rárá o, Alàájà. Ìwé ló ń fò!"

"Ìwé ń fò? Èmi ò ní sáré kankan o." Ó lọ sí yàrá kẹta, ó tẹ tiẹ̀, ó sì ká aṣọ rẹ̀ sókè díẹ̀. Tí ohun tó ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn kì í bá ṣe eré, ẹ bá mi wá orúkọ fún un.

Oṣù kan gbáko la fi ń yọ̀. Ìgbà tí ìdánwò ń bọ̀ lọ́rọ̀ dà rú. Alàájà dúró ti pírìntà láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń retí ìwé rẹ̀. Ìwé jáde, ó wọ jígí rẹ̀, ó wò ó, físíìsì ni.

"Ta ló ni èyí?"

"Èmi ni, mà." Kọ́pà wa ni, ọmọbìnrin Èkìtì kan tí kò tíì lò tó oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa. Ó ti kúnlẹ̀.

"Ìgbà wo lo tẹ̀ ẹ́?"

"Mo fi ìṣẹ́jú kan péré ṣáájú yín ni, mà."

"Ìṣẹ́jú kan! Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún ṣáájú rẹ dé ilé ayé ńkọ́?" Ó kọjú sí mi. "Ẹ̀rọ tí o kó wá yìí ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi pírínsípà. Ọkùnrin náà fẹ́ràn ètò. Ó ní, "Òótọ́ ni Alàájà sọ. Ẹ kọ́ ọ."

Ẹ̀kọ́ náà ṣeé kọ́. Ibì kan wà nínú sáfà tí a ti lè fún olúkúlùkù ní nọ́ńbà. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá pọ̀ jù, bó pẹ́ dé, iwájú ló máa bọ́ sí. Mo mú bíró, mo wọ yàrá àwọn olùkọ́ lọ, mo ní kí kálukú sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí ni mo ṣe é sí! Olùkọ́ Yorùbá fi ọdún méjì ju olùkọ́ báyọ́lọ́jì lọ lọ́jọ́ orí, ti báyọ́lọ́jì sì fi oṣù mẹ́rin ṣáájú rẹ̀ wọ iṣẹ́. Àwọn méjèèjì ti dá ìjà yìí dúró láti ọjọ́ pípẹ́, èmi ni mo fọwọ́ ara mi tú u sílẹ̀. Mo fún wọn ní nọ́ńbà kan náà, àwọn méjèèjì ò sì kí mi fún ọ̀sẹ̀ kan. Alàájà ló ga jù. Kọ́pà ló kéré jù. Inú mi ń dùn kiri bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà ọdún fún.

Ó wá ku ọ̀la kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Físíìsì ni àkọ́kọ́, ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Pírínsípà pè mí.

"Tíṣà Kọ̀ǹpútà, tí ìwé físíìsì ò bá sí lórí tábìlì mi ní aago méje ààbọ̀ ọ̀la, sáfà yín wọ sítọ̀ọ̀, ẹ̀yin náà ẹ mú ọkọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Kí ló lè ṣẹlẹ̀? Kọ́pà ti tẹ tiẹ̀ láti aago mẹ́wàá, èèyàn mọ́kànlá péré ló wà níwájú rẹ̀.

Ìgbà tó fi máa di ọ̀sán, wọ́n ti di mọ́kàndínlógún.

Alàájà rí àṣìṣe nínú ìbéèrè kẹta, ó tún un ṣe, ó tún un tẹ̀. Nítorí pé Alàájà ni, ìwé rẹ̀ kejì fò kọjá lórí gbogbo èèyàn. Olùkọ́ báyọ́lọ́jì rí i pé tòun ò tètè jáde, ó tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mẹrin bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn onílé tí kò sí nílé. Ti Yorùbá gbọ́ pé báyọ́lọ́jì tẹ mẹ́rin, ó tẹ márùn-ún. Pírìntà kékeré ti sọ láti àárọ̀ pé òun ò ṣe, orí ńlá ni gbogbo wọn wá dà lé. Gbogbo èyí tí àgbà bá tẹ̀, iwájú ló ń bọ́ sí. Àgbà ò sì tán nílé-ìwé wa.

Kọ́pà jókòó ti pírìntà, ó ń mu gààrí tí Alàájà bù fún un. "Sà, mo ti di ìkẹtàlélógún."

"Ṣebí ẹ̀yin ará Èkìtì mọ òkè í gùn," mo ní. "Máa gùn ún lọ."

Kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo máa wo ojú rẹ̀, omi ti dé ibẹ̀. Ó ní, "Sà, orúkọ mi ni wọ́n máa pè ní àsẹ́ńbílì lọ́la pé n kò ṣe iṣẹ́ mi."

Mo lọ bá àwọn àgbà pé kí wọ́n yọ àlékún wọn. Olùkọ́ Yorùbá ní tí báyọ́lọ́jì bá yọ tiẹ̀, òun á yọ tòun. Báyọ́lọ́jì ní kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Yorùbá. Aago kan ààbọ̀ ti lù, aago méjì ni à ń ṣíwọ́. Mo lọ síwájú Alàájà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tí wọn ò tíì gbá.

"Alàájà, àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Tótó ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà."

Alàájà wò mí lókè jígí.

"Èmi lò ń bá wí?"

"N kò dárúkọ ẹnì kankan, mà."

"Wàá rí òmíràn pa." Ó wá bú sẹ́rìn-ín. "Dìde, o ti fi ṣẹ́ẹ̀tì gbálẹ̀ fún wa tó. Gbọ́ mi. Nílé bàbá wa, inú abọ́ kan là ń jẹ. Àgbà ló ń kọ́kọ́ bù. Ṣùgbọ́n àgbà kì í bu ẹ̀ẹ̀kejì kí ọmọ tó kéré jù tó bu ẹ̀ẹ̀kìn-ín-ní. Tí o bá dán an wò, ìyá bàbá wa á fi ìpọnkọ, ṣíbí ńlá onígi yẹn, gbá ọ lọ́wọ́. Ìdajì ẹ̀kọ́ lo kọ́ ẹ̀rọ yìí."

Mo fò sókè! Mo jókòó ti sáfà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ti gbogbo ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta, sẹ́yìn kọ́pà. Gbogbo olùkọ́ yí mi ká.

"Má ti ìyẹn! Àkọ́kọ́ mi ni!"

"Irọ́ ni! Ẹ̀ẹ̀kẹrin ẹ nìyẹn, ọ̀jẹun!"

Físíìsì di ìkẹrìnlá. Ó di ìkẹfà. Àwọn àgbà tó kù níwájú jáde wéré, a sì ń ka iye tó kù bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Ó di ìkejì. Ó di àkọ́kọ́! Pírìntà fa bébà, ìbéèrè kìn-ín-ní yọjú, kọ́pà pàtẹ́wọ́.

Iná lọ.

Jẹnẹrétọ̀ ilé-ìwé ti ń ṣàìsàn láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù. Ìdajì ìwé náà rọ̀ sílẹ̀ bí ahọ́n ajá. Mo rọra fà á yọ, mo kó bébà kún inú pírìntà, n kò sì pa bọ́tìnnì kankan. Mo ti sọ fún sáfà náà tipẹ́ pé tí iná bá dé, kó jí fúnra rẹ̀, kó máa bá iṣẹ́ lọ níbi tó dé. Ṣé ó gbọ́? N kò mọ̀. N kò dán an wò rí. Mo ti ilẹ̀kùn. Pírínsípà kọjá, ó ní, "Aago méje ààbọ̀ o."

Kí aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kejì tó lù, mo ti dé géètì. N kò bá Bàbá ẹ̀ṣọ́ níbẹ̀. Ará Ìbẹ̀fun ni bàbá arúgbó yìí, n kò sì rí i kó fi géètì sílẹ̀ rí. Mo wá a lọ. Ẹ̀bá yàrá kìn-ín-ní ni mo ti rí i, ó kẹ̀yìn sí fèrèsé, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó fi aṣọ ìbora rẹ̀ bo fèrèsé náà bí ẹni tó ń lé ẹran.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Kí ló dé?"

"Bí mo ṣe kírun àsùbáà tán ni iná dé. Ni ẹ̀rọ yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ ìwé, kò séèyàn nínú ilé! Àwọn ọmọ bọ́dìn tó ń gbé inú ọgbà sì ń lọ pọnmi. Mo ní wọn ò ní ka ìbéèrè lójú mi."

Mo ṣílẹ̀kùn. Físíìsì kún tábìlì, ó dà sílẹ̀, ó pé pérépéré; ẹ̀ẹ̀kejì Alàájà ló ń jáde lọ́wọ́. Mo kígbe, mo jáde, mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tuntun.

"Dúró síbẹ̀ ná," ó ní. "Wọ́n ní ẹ̀rọ yín ń to èèyàn bí wọ́n ṣe dàgbà sí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ géètì yìí, Alàájà yín ṣì ń wọ yúnífọ́ọ̀mù. Èmi ni mo máa ń tì í mọ́ta tó bá pẹ́ dé." Ó yọ ìwé tó ká jọ nínú àpò, lẹ́tà tó fọwọ́ kọ fún ìpàdé ẹbí wọn. "Nọ́ńbà mélòó ni tèmi?"

Ìwé físíìsì wà lórí tábìlì pírínsípà ní aago méje géérégé, kọ́pà ló gbé e lọ, ó ń jó lọ. Èmi ṣì ń bá bàbá tẹ lẹ́tà nígbà tí Alàájà wọlé wá gba ẹ̀ẹ̀kejì rẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ nọ́ńbà bàbá fún un. Ó wo èmi, ó wo bàbá, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀.