Agbọ̀n Obì Mélòó Ni Kánádà?

Mo rántí ìgbà tí wọ́n ń pe orúkọ orílẹ̀-èdè nínú ilé wa ní Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo bí àwọn agbèrò ṣe ń pe orúkọ ìlú ní gáréèjì. Kánádà! Lọ́ńdọ̀n! Gánà! Jámánì! Àkọ́bí mi obìnrin ló jáde ìwé mẹ́wàá, èsì ìdánwò rẹ̀ sì dára débi pé kò sẹ́ni tó lè jókòó jẹ́ẹ́ mọ́ nínú ẹbí. Ká ní ọmọ náà fìdí rẹmi ni, èmi nìkan ni wọn ì bá fi í sílẹ̀ fún. Ó yege tán, gbogbo ayé wá mọ ibi tó yẹ kó lọ.

Èmi fúnra mi kò kàwé kọjá pírámárì fọ́ọ̀. Obì gbànja ni mò ń tà. Ìyá mi fi oko obì kan sílẹ̀ fún mi ní abúlé kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ibẹ̀ ni mo ti ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú ọjà mi wá sí Òṣogbo, tí àwọn Hausa ń rà á lọ sí Kánò. Nígbà náà, mo gbà pé kò sí ohun tí wọ́n ń tà láyé tí wọ́n lè fi rẹ́ mi jẹ. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí obìnrin tí mo jẹ́ nígbà yẹn. Ó gbọ́n lójú ara rẹ̀ gan-an ni.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo àwa ìyàwó ilé ń pè ní Bàbá Tíṣà, ló gbé fóònù wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ní òun ti wo iye tí wọ́n ń gbà ní yunifásítì káàkiri àgbáyé, òun sì ti rí ọ̀nà àbáyọ: kí n ta oko ìyá mi, kí ọmọ máa lọ sí Kánádà láti lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó wọ awò ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Pọ́n-ùn báyìí ní Lọ́ńdọ̀n. Dọ́là báyìí ní Amẹ́ríkà. Dọ́là ní Kánádà, tí kì í sì í ṣe dọ́là Amẹ́ríkà. Yúrò. Sefà. Ojú mi ń ṣú.

Mo ní, "Bàbá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, agbọ̀n obì mélòó ni?"

"Agbọ̀n kí ni?"

"Agbọ̀n obì, sà. Mo mọ iye tí agbọ̀n kan ń lọ lónìí. Ẹ sọ ọ́ di náírà, èmi á sọ ọ́ di agbọ̀n, ó máa yé mi."

Ó wo bàbá àwọn ọmọ mi. Ọkọ tèmi, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ló máa ń gbè lẹ́yìn, ó ní kò burú, kí wọ́n sọ ọ́ di agbọ̀n.

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́ńdọ̀n gbé gbogbo agbọ̀n tí mo ń tà lọ́dún mì, ó tún ń wò mí lójú. Amẹ́ríkà, n kò parí ti wọn. Ìpínlẹ̀ yìí ń pe tirẹ̀, ìpínlẹ̀ tọ̀hún ń pe tirẹ̀, bí ọjà tí kò ní ìyálọ́jà. Ó dórí Kánádà, Bàbá Tíṣà ní iye tí ọmọ onílé ń san kéré púpọ̀ sí iye tí àlejò ń san. Mo bú sẹ́rìn-ín. Níbi tí wọ́n bí mi sí, omi la fi ń pàdé àlejò, a kì í gba owó ìlọ́po lọ́wọ́ rẹ̀. Jámánì ló wá pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba wọn kì í gba owó ilé-ìwé rárá, àmọ́ kí ọmọ tó wọ bàálù, a ó ti kó owó oúnjẹ àti owó ilé odindi ọdún kan tì sí báńkì. Mo ní ọ̀fẹ́ yìí mà wọ́n o. Kútọnù kò wọ́n, ṣùgbọ́n ọmọ mi kò gbọ́ ju "bọ́ńjúù" lọ nínú Faransé.

Nígbà tó kan Gánà, mo ṣírò rẹ̀, mo tún un ṣe. Agbọ̀n rẹ̀ kò pọ̀. Mo dìde, mo tún ìró mi ró níwájú gbogbo wọn, mo ní, "Gánà ni. Orí àtẹ mi ni n ó ti san án. Kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ oko sí mi létí mọ́." Mo wá ń yan kiri àdúgbò bí ẹni pé èmi ni mo ni yunifásítì ọ̀hún.

Ìgbà ọ̀wọ́n obì la wà. Èmi tí mo ti ń ta obì láti ìgbà tí mo wà lọ́mọge, mo gbàgbé pé ìgbà ọ̀wọ́n la wà! Ìkórè dé, obì ya wọ̀lú láti gbogbo abúlé Ìjẹ̀ṣà, iye tí wọ́n ń ra agbọ̀n kan já wálẹ̀. Gánà kò kúrò níbi tó wà, agbọ̀n rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì. Dọ́là tí wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ àlejò tún gbéra sọ.

Bàbá Tíṣà ò jẹ́ kó tutù. Ó wá dúró síwájú àtẹ mi lójú àwọn oníbàárà. "Ìyàwó wa, Gánà ti di agbọ̀n mélòó láàárọ̀ yìí?"

Obìnrin tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìdí àga rẹ̀ mú. Mo ní, "Gánà ti wọ́n, sà. Ẹ bá mi yẹ Ṣáínà wò."

Èmi náà rín in, nítorí ọ̀rọ̀ náà dùn. Nílé ni ẹ̀rín ti tán. Bàbá Tíṣà ti bá mi wá oníbàárà fún oko, ọkùnrin kan láti Iléṣà, tó fẹ́ gé igi obì gbogbo kó fi ibẹ̀ kọ́ ilé epo. Ẹbí péjọ sí pálọ̀ wa, ọkùnrin náà jókòó, ó ń mu mínírà wa. Bí mo bá tà á, ọmọ á lọ. Bí n kò bá tà á, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Mo béèrè pé, "Owó oko yìí, ọdún mélòó ló máa gbé ní Kánádà?"

Bàbá Tíṣà ní, "Ọdún àkọ́kọ́, àti díẹ̀ nínú èkejì. Á máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fi gbé ìyókù."

"Iṣẹ́ wo, sà? Ṣebí ìwé ló ń lọ kà? Tó bá wá kù ọdún méjì tí owó bá tán ńkọ́, ta ni ká tún tà? Bàbá àwọn ọmọ mi?"

Ọkọ mi wúkọ́. Bàbá Tíṣà ní ọwọ́ Ìjẹ̀ṣà le, òun sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí àbúrò òun tó fẹ́ mi. Mo ní bí ọwọ́ mi ò bá le ni, pálọ̀ tí wọ́n jókòó sí yìí ò ní ní òrùlé.

Nígbà náà ni ọmọ mi sọ̀rọ̀. Kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Màámi, ẹ fẹ́ràn igi yẹn jù mí lọ."

Gbogbo ojú wà lára mi, wọ́n ń retí pé kí n sunkún kí n sì fọwọ́ sí ìwé títa oko. Omi kún ojú mi lóòótọ́, àmọ́ ẹnu mi ò gbọ̀n. Mo ní, "Igi yẹn ló ń bọ́ ọ, òun náà ló ń bọ́ àwọn àbúrò rẹ mẹ́ta. O ò ní jẹ ẹ́ tán kí wọ́n tó dé ìdí abọ́." Mo kọjú sí ọkùnrin Iléṣà, mo ní kó parí mínírà rẹ̀, oko ò sí ní títà.

Yunifásítì ìjọba tó wà nítòsí wa ló lọ. Ọdún kejì ni àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀, ọmọ padà wálé, ó ń bá mi bó obì lẹ́yìnkùlé, kò sì bá mi sọ ju "ẹ káàárọ̀" àti "ó dàárọ̀" lọ. Àwọn ará ilé ń fi orin ta mí. Mo gbọ́ ọ, mo bá wọn gbe é. Bàbá Tíṣà ta ilẹ̀ tirẹ̀, ó rán ọmọ rẹ̀ lọ sí Kánádà. N kò ní purọ́ mọ́ ọn: ọmọ náà ṣe dáadáa, ó ti ra ọkọ̀ fún bàbá rẹ̀, èmi náà sì ti jókòó nínú rẹ̀ lọ sí Iléṣà.

Ọmọ tèmi pẹ́ kó tó parí, ṣùgbọ́n ó parí. Ìbàdàn ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, àwọn àbúrò rẹ̀ sì wà nílé-ìwé. Nígbà tó wálé kẹ́yìn, a jọ lọ sí oko. Ó rìn yí ká, ó wò ó títí, ó ní, "Màámi, ká ní èmi ni, ǹ bá ti ta oko yìí."

Mo ní kò burú. Mo ti sọ fún àwọn ẹbí mi lábúlé pé òun ni yóò jogún rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá di tirẹ̀, kó tà á bó bá wù ú, kó fi rán ọmọ rẹ̀ lọ sí orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe dá a lẹ́kun. Ní tèmi, bí wọ́n bá tún gbé ìwé yẹn wá lónìí, n kò ní fọwọ́ sí i.