Ojú Ràṣídá

Láàárọ̀ ìjẹta, òjò pa àpò èédú kan tí aládùúgbò mi gbàgbé síta ní Ọ̀kọ́ta níbí, òórùn rẹ̀ sì gba ojú fèrèsé wọlé bá mi. Òórùn èédú tútù kì í ṣe òórùn tó ń wu èèyàn, ṣùgbọ́n mo jókòó tì í títí tíì tí mò ń mu fi tutù. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń fi gáàsì dáná lè má mọ òórùn náà. Èmi mọ̀ ọ́n, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ Ràṣídá, ọ̀rẹ́ mi, ṣe máa ń rùn.

Ilé kan náà là ń gbé n'Ísọlọ̀, ilé oníyàrá mẹ́wàá tó dojú kọra wọn, balùwẹ̀ kan, ṣáláńgá kan. Tíṣà ni bàbá mi, ará Èkìtì tí wọn kì í fẹ́ ká sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ. Ìyá Ràṣídá wá láti Ìwó, wọ́n ń ta èédú ní Apákun. Èyí tó bá fọ́ tí kò ṣeé tà mọ́ ni Ràṣídá máa ń ṣà, tí yóò fi yàwòrán sára ògiri ẹ̀yìnkùlé. Ó ya lánlọ́ọ̀dù wa níbi tí wọ́n ti sùn lọ lórí àga, tí wọ́n la ẹnu sílẹ̀ gbayawu. Lọ́jọ́ tí lánlọ́ọ̀dù náà rí i, gbogbo wa sá wọ yàrá. Wọ́n dúró, wọ́n wò ó, wọ́n pa ẹnu ara wọn dé, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Ara Ràṣídá kò le. Egungun a máa ro ó, pàápàá nígbà òjò, nígbà mìíràn kò ní lè wá sílé ìwé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni tíṣà obìnrin tó ń kọ́ wa ní kí kálukú ya ìyá rẹ̀ wá. Èmi kò lè ya orí adìẹ. Mo gbé ìwé lọ bá Ràṣídá lórí ẹní, mo bẹ̀ ẹ́. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ gbé ara rẹ̀ dìde, ó ya ìyá mi níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà, tí wọ́n fajú ro díẹ̀. Mo kọ orúkọ tèmi sísàlẹ̀ rẹ̀.

Tíṣà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kíláàsì, wọ́n ní kí gbogbo ọmọ pàtẹ́wọ́ fún mi. Nígbà tí Ràṣídá padà wá, wọ́n fà á lọ́wọ́ débẹ̀.

"Wo iṣẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ. Kí ìwọ náà máa ṣe bẹ́ẹ̀."

Ràṣídá wò ó pẹ́. "Ó dáa, mà."

Bí a ṣe ń lọ sílé, mo ń retí kó bú mi. Kò bú mi. Ó kàn béèrè bóyá ìyá mi ti rí i. Mo ní rárá. Irọ́ ni, wọ́n ti rí i, wọ́n tiẹ̀ ti ra búrẹ́dì fún mi. Mo pinnu pé ní ọjọ́ Mọ́ńdè, màá sọ òtítọ́ fún tíṣà.

Ní Sátidé, egungun náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù láàárọ̀, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé padà lọ́sàn-án. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin ín. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, Ìyá Ràṣídá kan ilẹ̀kùn wa. Wọn kò ní fọ́tò ọmọ wọn kankan. Ojú gbogbo ará ilé ló wà lára ògiri yẹn, ṣùgbọ́n Ràṣídá kò ya ara rẹ̀ rí.

"Ìwọ tó o mọ àwòrán yà," wọ́n wí fún mi, "bá mi ya ojú ọmọ mi, kí n má baà gbàgbé."

Bàbá mi ti ń fi ìyangàn wá pẹ́ńsù. Mo bú sẹ́kún, mo jẹ́wọ́ níwájú wọn. Bàbá mi fi pẹ́ńsù sílẹ̀, wọ́n sì jáde. Ì bá sàn fún mi ká ní wọ́n nà mí.

Ìyá Ràṣídá kò kúrò lójú kan. Wọ́n mú pẹ́ńsù náà, wọ́n nà án sí mi. "Ta ló tún mọ ojú ẹ̀ tó ẹ? Yà á bó o ṣe lè yà á."

Mo yà á. Orí rẹ̀ wọ́, ẹyinjú kan ga ju ìkejì lọ. Wọ́n gbà á, wọ́n wò ó.

"Kò jọ ọ́," wọ́n wí. Síbẹ̀, wọ́n rọra ká a, wọ́n mú un lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń yàwòrán. Fún ọdún púpọ̀, ọwọ́ Ràṣídá ni mo ń sín jẹ, gbogbo rẹ̀ sì ń rí bí irọ́. Ó pẹ́ kí n tó jẹ́ kí ọwọ́ mi máa wọ́ bó ṣe fẹ́ wọ́. Iṣẹ́ àwòrán náà ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Òkè-Àfà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Tí ọmọ kan bá gbé iṣẹ́ ẹlòmíì wá fún mi, mo máa ń mọ̀. Mi ò ní nà án, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pàtẹ́wọ́ fún un. Màá ní kó jókòó tì mí, kó ya tirẹ̀, bó ti wù kó burú tó.

Wọ́n ti wó ilé yẹn, wọ́n ti kọ́ alájà mẹ́ta síbẹ̀. Ìyá Ràṣídá padà sí Ìwó, a kò ríra mọ́. Fọ́tò tó wà nínú fóònù àwọn ọmọ ọmọ mi kò níye. Bóyá àwọn kò ní gbàgbé ojú ẹnikẹ́ni. Ohun tó kù fún mi ni iṣẹ́ ọwọ́ mi, mi ò sì tíì fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá dijú báyìí láti rántí Ràṣídá, ojú wíwọ́ tí mo yà lọ́jọ́ náà ló ń wá. Ojú rẹ̀ gan-an ti kúrò lọ́kàn mi. Mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tó lọ.